Ìtura Kì Í Ṣe Ìwòsàn: Dexa, Làkúrègbé àti Àìsàn Parkinson ní Àríwá Èkìtì

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí òwe yìí ṣe ń ṣẹ kò ní láti rìn jìnnà. Kí ó kàn jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan ní Ìlúpéjú-Èkìtì, ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìkọ̀lé, kí ó máa wo àwọn bàbá àti ìyá arúgbó tí wọ́n ń wọlé wá ra oògùn ara ríro.

Irú bàbá kan wà tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní agbègbè yìí. Ó ti ń súnmọ́ àádọ́rin ọdún. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ebè iṣu ni ó sì ń kọ títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Lọ́dún kan, èjìká ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gan. Kò lè gbé ọkọ́ sókè dáadáa mọ́. Bí ó bá ń rìn, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń fì síwá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún dúró gbagidi sí ẹ̀gbẹ́. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ẹ̀rín sì di ọ̀wọ́n lójú rẹ̀. Àwọn ará ilé ní ọjọ́ ogbó ni. Àwọn aládùúgbò ní làkúrègbé ni.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ bá a ra oògùn. Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù ka funfun méjì, pupa kan àti èyí tí ó ní àwọ̀ ọsàn kan sínú ọ̀rá kékeré, ó ní kí bàbá máa lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, bàbá jẹ iyán tán, ó tún béèrè òmíràn. Èjìká rọ̀ díẹ̀, ó sì gba oko lọ. Inú gbogbo ilé dùn. Kò sí ẹni tí ó béèrè orúkọ àwọn oògùn tí ó wà nínú ọ̀rá náà.

Oṣù ń gorí oṣù, ọ̀rá kékeré ń tẹ̀lé ọ̀rá kékeré. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá kún, ikùn rẹ̀ yọ, àwọn ènìyàn sì ń kí i kú oríire pé ara rẹ̀ ti bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n itan àti apá rẹ̀ ń tín-ín-rín. Ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n nígbà tí ó bá gbé e lé itan láìfi ṣe ohunkóhun. Ní òru, ó ń bá àwọn tí kò sí nínú yàrá sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé àdúrà. Ní ìdájí ọjọ́ kan, ó ṣubú ní ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Ilé-ìwòsàn ni wọ́n ti wá gbọ́ orúkọ ohun méjì tí ó ti ń bá wọn gbé láti ìgbà pípẹ́: àìsàn Parkinson, àti oògùn steroid.

Bàbá yìí kì í ṣe ẹnìkan pàtó. Ọ̀pọ̀ ìtàn ni a dì pọ̀ di ẹyọ kan. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé oògùn tí ó ń mú ara yá kíákíá lè fi àìsàn tí ó ń ṣe ènìyàn pamọ́, kí ó sì tún máa ba àwọn ibi tí àìsàn náà fẹ́ bàjẹ́ jẹ́ ṣáájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí àríwá Èkìtì sọ ní gbangba nìyẹn.

Kí ni steroid yìí gan-an? Ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ń ṣe irú èròjà náà. Ẹṣẹ́ kékeré méjì tí ó jókòó lórí kíndìnrín ni ó ń pèsè rẹ̀, òun ni ara sì fi ń dúró nígbà tí àìsàn tàbí ìnira bá dé. Èyí tí ilé iṣẹ́ ń ṣe ni dexamethasone, tí àwọn ènìyàn ń pè ní dexa, pẹ̀lú prednisolone àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n máa ń pa wíwú àti ìrora lẹ́nu mọ́ kíákíá, wọ́n sì ń mú kí oúnjẹ wu ènìyàn jẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bọ́ sínú àpòpọ̀ oògùn ara ríro, tí àwọn kan sì ń lò wọ́n láti fi sanra.

Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ bú oògùn yìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1948, Dókítà Philip Hench fún obìnrin kan tí àrùn oríkèé ara ti sọ di aláìlèrìn ní abẹ́rẹ́ cortisone ní ilé-ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, obìnrin náà dìde, ó rìn. Ní ọdún 1950, wọ́n fún Hench, Edward Kendall àti Tadeus Reichstein ní ẹ̀bùn Nobel. Ṣùgbọ́n ariwo ayọ̀ náà kò tí ì rọlẹ̀ tí àwọn dókítà fi rí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀: bí wọ́n bá dá oògùn náà dúró, ìrora yóò padà, bí wọ́n bá ń lò ó lọ, ara yóò máa bàjẹ́ láti inú. Ohun tí àwọn onímọ̀ fi ojú ara wọn rí ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ ìdílé tún ń fi ara kọ́ lónìí.

Àpẹẹrẹ kejì kò jìnnà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, àwọn olùwádìí ní orílẹ̀-èdè Bìrìtìkó kéde pé dexamethasone dín ikú kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín àwọn aláìsàn COVID-19 tí ẹ̀rọ ń bá mí. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà fi hàn pé àwọn tí kò nílò ọ́síjìn kò rí àǹfààní kankan nínú rẹ̀. Oògùn kan náà ni, oṣù kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ẹni tí ó ń lò ó àti ìdí tí ó fi ń lò ó.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Parkinson ti wọlé. Dókítà ará Lọ́ńdọ̀nù kan, James Parkinson, ni ó kọ ìwé nípa àìsàn náà ní ọdún 1817, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, àwọn kan wà nínú àwọn ohun tíntìntín tí ó para pọ̀ di ọpọlọ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa pèsè dopamine. Dopamine ni ìránṣẹ́ tí ó ń jẹ́ kí ìrìn já gaara, kí ọwọ́ sì ṣe ohun tí ọkàn rán an láìjáfara. Nínú àìsàn Parkinson, wọ́n ń kú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ yóò bá fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti lọ. Kì í sì í ṣe gbogbo aláìsàn ni ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ara lè kàn máa gan, kí ó sì máa lọ́ra. Èjìká tí ó gan pàápàá lè jẹ́ àmì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí ìgbọ̀n, bẹ́ẹ̀ sì ni èjìká gangan ni ohun tí gbogbo ayé ń pè ní làkúrègbé.

Bí ìránṣẹ́ bá kú, ohun tí ó kàn ni kí a wá arọ́pò rẹ̀. Arvid Carlsson ti orílẹ̀-èdè Sweden ni ó ṣe iṣẹ́ tí ó fi ipa tí dopamine ń kó hàn láàárín ọdún 1950 sí 1960, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2000. Ní ọdún 1967, George Cotzias fi hàn ní Amẹ́ríkà pé bí a bá ń fún aláìsàn ní levodopa díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó ìwọ̀n, ẹni tí kò lè dìde yóò dìde. Levodopa máa ń wọ inú ọpọlọ, ibẹ̀ ni ó ti ń di dopamine. Carbidopa ni wọ́n ń pò mọ́ ọn kí ó má baà ṣòfò sí ọ̀nà. Kò wo àìsàn náà sàn, ṣùgbọ́n ó lè dá ọ̀pọ̀ ọdún ìrìn àti iṣẹ́ padà fún ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn oògùn tí kò gbọ́dọ̀ wọ́n ní ìlú kankan.

Ohun ìyanu ni pé yèrèpè, igi ajániyún tí gbogbo àgbẹ̀ Èkìtì ń sá fún, ní levodopa nínú èso rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí lọ máa lọ èso yèrèpè mu, nítorí kò sí ẹni tí ó lè fi ojú mọ ìwọ̀n tí ó wà nínú ẹ̀kúnwọ́ kan, ó sì lè fa wàhálà pẹ̀lú oògùn tí dókítà ti kọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó pa àwọn tí ń pe Parkinson ní àìsàn òyìnbó lẹ́nu mọ́. Ohun tí ó ń tọ́jú rẹ̀ ń hù ní ẹ̀gbẹ́ oko.

Steroid kò sí nínú ìtọ́jú yìí rárá. Kò lè jí èyí tí ó ti kú nínú ọpọlọ, kò sì lè rọ́pò dopamine. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó dín ìrora èjìká kù fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ènìyàn gbàgbé láti wá ìdí tí èjìká fi gan. Bí ó bá jẹ́ pé ìdádúró yẹn nìkan ni ewu rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbá sàn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń lò ó fún ìgbà pípẹ́, ibi tí Parkinson ti ń bá ènìyàn jà ni òun náà ń lọ.

Àkọ́kọ́ ni ẹran ara. Steroid máa ń jẹ ẹran itan àti èjìká tán, títí dídìde lórí àga yóò fi di iṣẹ́. Ẹni tí Parkinson ti mú kí ìṣísẹ̀ rẹ̀ lọ́ra kò ní ẹran itan tí ó lè fi ṣòfò. Èkejì ni egungun. Steroid ń sọ egungun di fúyẹ́fúyẹ́, Parkinson sì ń mú kí ènìyàn máa ṣubú. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé lára arúgbó kan, ilẹ̀ balùwẹ̀ di ojú ogun. Ẹ̀kẹta ni ọkàn àti oorun. Steroid lè gba oorun lójú ènìyàn, ó lè da ọkàn rú, ó sì lè jẹ́ kí ó máa rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Parkinson àti àwọn oògùn rẹ̀ náà lè fa irú ìran bẹ́ẹ̀. Melòó nínú àwọn arúgbó tí wọ́n ní ayé ń bá jà ni ó jẹ́ pé ohun tí ó wà nínú ọ̀rá kékeré ni ó ń bá wọn jà? Lẹ́yìn èyí, ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń sọ ara di aláìlágbára láti bá kòkòrò àìsàn jà. Bí a bá sì lù ú pọ̀ mọ́ diclofenac tàbí ibuprofen, bí àpòpọ̀ kẹ́míìsì ṣe sábà máa ń rí, ó lè dá egbò sí inú, kí egbò náà sì máa ṣẹ̀jẹ̀.

Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni gbà pé alárùn Parkinson kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan steroid láé. Bí ó bá ní ikọ́ fée tí ó le, tàbí àìsàn mìíràn tí steroid ń tọ́jú ní tòótọ́, dókítà lè kọ ọ́ fún un, yóò sọ ìwọ̀n rẹ̀, yóò sì sọ ọjọ́ tí yóò parí. Ìyàtọ̀ wà láàárín oògùn tí ó ní orúkọ, ìdí àti ọjọ́ ìparí, àti èyí tí ó wà nínú ọ̀rá tí kò ní orúkọ kankan lára.

Ìkìlọ̀ kan tún wà tí kò gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ń lo steroid fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ti ara ìbẹ̀rù dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹṣẹ́ orí kíndìnrín ti sùn lọ nítorí pé ẹlòmíràn ń bá a ṣiṣẹ́. Bí ti ìta bá dá dúró lójijì, tí ti inú kò sì tí ì jí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀, èébì àti àárẹ̀ lè dé, ẹ̀mí sì lè bọ́. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kò yẹ kí wọ́n dá levodopa dúró lójijì.

Steroid nìkan kọ́ ni ó yẹ kí ìdílé alárùn Parkinson máa ṣọ́. Metoclopramide, tí àwọn ènìyàn máa ń rà fún èébì, àti haloperidol pẹ̀lú chlorpromazine, tí wọ́n fi ń tu orí tí ó dàrú lára, máa ń dí dopamine lọ́wọ́. Wọ́n lè mú Parkinson le sí i, wọ́n tilẹ̀ lè gbé àmì tí ó jọ ọ́ wọ ara ẹni tí kò ní in. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ó ní irin nínú kò yẹ kí ó bá levodopa pàdé nínú ikùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹran, ẹja, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀wà tí ó pọ̀ lè dí i lọ́nà, nítorí náà ó sàn kí wọ́n lo oògùn náà ní bí ìdajì wákàtí ṣáájú oúnjẹ bí inú bá gbà á.

Ó yẹ kí ọmọ Èkìtì mọ̀ pé ọmọ ilẹ̀ yìí wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ wá ẹsẹ̀ àìsàn yìí láàárín aráàlú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì, tí ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, wà lára àwọn tí wọ́n wádìí láti ojúlé dé ojúlé ní Ìgbó-Ọrà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí wọ́n sì fi wé ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Mississippi ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1988, ìwádìí náà jáde: nínú àwọn tí ó ti kọjá ọdún 39, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ìdọ́gba ọjọ́ orí, 67 nínú 100,000 ni ó ní Parkinson ní Ìgbó-Ọrà, 341 sì ni ní Amẹ́ríkà. Ó kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n ó wà. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó wà lára wọn rí àyípadà kan nínú ohun àjogúnbá tí ń jẹ́ GBA1, tí ó ń fi kún ewu Parkinson, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lára ẹni tí kì í ṣe ìran aláwọ̀ dúdú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní iye àwọn tí ó ní i lágbàáyé ju mílíọ̀nù mẹ́jọ àti àbọ̀ lọ ní ọdún 2019. Ọjọ́ ogbó ni àìsàn yìí sábà máa ń dé, àwọn abúlé àríwá Èkìtì tí àwọn ọ̀dọ́ ti fi sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá sì kún fún arúgbó.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀bi ọlọ́ṣọ́ọ̀bù oògùn ni. Òótọ́ ni pé ìwé àṣẹ tí ó fi ń ta oògùn kéékèèké kò fún un láyè láti ta steroid. Ṣùgbọ́n òun ni ó wà nítòsí. Òun ni ó ń ṣílẹ̀kùn ní òru, òun ni ó ń ta àwìn. Dókítà onímọ̀ ọpọlọ kò sí ní òpópónà Ìlúpéjú. Bí òfin bá kàn dé ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa láìfi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀, ìrora yóò kàn gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ bá aláàgúnmu tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí ó pò mọ́ tirẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ kò kọjá agbára. Lákọ̀ọ́kọ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ ní àwọn ilé ìlera alábọ́dé Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé àti Ìdó-Ọ̀sì kọ́ bí a ṣe ń dá Parkinson mọ̀: ọwọ́ kan tí kò fì mọ́, ìṣísẹ̀ tí ó kúrú, ara tí ó gan, ìlọ́ra, àti ìgbọ̀n nígbà tí ọwọ́ bá sinmi. Ẹni tí wọ́n bá rí àmì náà lára rẹ̀, kí wọ́n kọ ìwé fún un lọ sí Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, tí ó wà ní àárín agbègbè yìí kan náà. Èkejì, kí levodopa àti carbidopa wà ní àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba, kí ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ sì san owó rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí san ₦5,000 lóṣooṣù fún àwọn arúgbó ní ọdún 2011 lábẹ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí ti fi hàn nígbà kan pé ọ̀rọ̀ arúgbó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọba. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ àwọn olóògùn fúnra wọn gbà pé kò sí ọ̀rá tí yóò jáde ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé orúkọ oògùn inú rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Èyí tí kò nílò owó ìjọba rárá wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ẹni tí ó wà ní Èkó tàbí ní ìlú òyìnbó, tí ó ń fi owó oògùn ránṣẹ́ sílé, kí ó ní kí wọ́n ya àwòrán oògùn náà ránṣẹ́ kí ó tó san owó. Kí ó béèrè ohun mẹ́ta: Kí ni orúkọ rẹ̀? Kí ni ó wà fún? Ọjọ́ wo ni yóò parí? Bí kò bá sí ẹni tí ó lè dáhùn, kí wọ́n gbé bàbá lọ sí ilé-ìwòsàn, kí wọ́n sì gbé ọ̀rá náà dání.

Bí ara arúgbó bá yá ní ọjọ́ mẹ́ta, ohun ìdùnnú ni. Ṣùgbọ́n kí àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá ń rìn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí jó. Bí ọwọ́ kan kò bá fì mọ́, làpálàpá nìkan ni wọ́n ṣì ń pa.